Ẹ má pe gbogbo ẹ̀ ní pajápajá: ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tó ń dunni lóru nílẹ̀ òyìnbó

Ọ̀rọ̀ ọmọ kan ló gbé bírò lé mi lọ́wọ́ lónìí, mo sì ti gba àyè lọ́wọ́ bàbá àti ìyá ẹ̀ kí n tó kọ ọ́. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí orúkọ kọ́ lẹ nílò, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ lẹ nílò.

Oṣù Kìíní ọdún 2023 ni. Ọmọ àbúrò ìyá mi tó ń gbé ní Hamburg ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọbìnrin, mo sì wọ ọkọ̀ ojú irin láti Berlin lọ bá wọn yọ̀. Ìrìn náà ò tó wákàtí méjì nígbà yẹn, àmọ́ òtútù ọjọ́ náà burú. Nígbà tí mo fi máa dé ilé wọn ní Billstedt, orúnkún mi méjèèjì ti ń bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n fún mi lóúnjẹ, a ṣeré, a rẹ́rìn-ín, wọ́n wá ní kí n lọ sùn sí yàrá ọmọkùnrin wọn tó jẹ́ àkọ́bí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Ní nǹkan bí aago méjì òru, mo gbọ́ ẹkún. Kì í ṣe igbe ńlá o, ẹkún ọmọ tí ò fẹ́ kí àwọn òbí òun gbọ́ ni. Mo tanná. Ọmọ náà ká jọ sórí bẹ́ẹ̀dì bí ìgbín, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ojúgun ẹ̀ mú. Kí n tó bọ́ sílẹ̀, ìyá ẹ̀ ti wọlé pẹ̀lú Aboniki lọ́wọ́. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ má jẹ́ kó dààmú yín. Pajápajá ni. Tó bá ti gbá bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án, ó máa ń mú un lóru. Dókítà ní ara ẹ̀ ló ń dàgbà."

Mo jókòó ti ọmọ náà. Mo ní, "Ibo gan-an ló ti ń dùn ẹ́, ọkọ mi?"

Ó ní, "Inú egungun ni, Àǹtí. Bíi pé ẹnì kan wà nínú ibẹ̀ tó ń fi òòlù lù ú."

Ẹ̀yin ará, ara mi bù máṣọ. Ọ̀rọ̀ yẹn, èmi náà ti sọ ọ́ rí, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje n'Íbàdàn.

ORÚKỌ TÍ WỌ́N Ń PÈ É NÍLÉ

Ká má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, SS ni mí. Mo ti lé lógójì ọdún, mo ṣì wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Nígbà tí mo wà ní kékeré, àwọn àgbà ilé wa ní arọmọléegun ló ń ṣe mí. Àwọn mìíràn a máa pe àìsàn náà ní fọ̀níkú-fọ̀ladìde, ìyẹn àìsàn tó máa ń da èèyàn wó bí òkú lónìí, tí onítọ̀hún á tún dìde lọ́la bí ẹni pé kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ẹ ò rí i pé àwọn baba wa mọ ohun tí wọ́n ń wò? Ojú ni wọn ò fi rí inú ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ti kú kí wọ́n tó bí mi. Ìyá bàbá mi sì ti gbà pé àbíkú ni, pé òun náà ló padà wá yìí. Ìyá mi ni kò gbà. Ó pọ̀n mí, ó gbé mi lọ sí UCH, ibẹ̀ ni wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò tí wọ́n sì sọ orúkọ tòótọ́ tí àìsàn náà ń jẹ́. Tí mo bá ń rántí iye ọmọ tí wọ́n pè lábìíkú nílẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́, tó sì jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ SS ló pa púpọ̀ nínú wọn, omi máa ń bọ́ lójú mi.

KÍ LÓ Ń ṢẸLẸ̀ NÍNÚ Ẹ̀JẸ̀?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Sẹ́ẹ̀lì pupa ló ń gbé atẹ́gùn tí à ń mí símú káàkiri ara. Ti ẹni tó jẹ́ AA rí rogodo, ó sì rọ̀, kò sí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tín-ín-rín tí kò lè yọ́ kọjá. Ti àwa SS yàtọ̀. Tó bá ti já atẹ́gùn tó gbé sílẹ̀ tán, á le, á tẹ̀ kọdọrọ bíi dòjé tí àwọn àgbẹ̀ fi ń gé koríko. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti le yìí á wá há sínú iṣan, wọ́n á dí ojú ọ̀nà pa, gẹ́gẹ́ bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ l'Ékòó. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò bá ti dé mọ́, ebi atẹ́gùn á máa pa á, á sì pariwo. Ariwo yẹn ni ìrora. Mùdùnmúdùn inú egungun ni wọ́n sábà máa ń há sí, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé inú egungun ni ọmọ náà ní ó ti ń dun òun, kì í ṣe inú ẹran ẹsẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún ni pé sẹ́ẹ̀lì pupa ẹni tára ẹ̀ dá máa ń lò tó 120 ọjọ́ kó tó kú. Tiwa kì í sábà ju ọjọ́ mẹ́wàá sí ogún lọ. Ohun tó ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀ nìyẹn, òun náà ló sì máa ń jẹ́ kí ẹyinjú wa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nígbà mìíràn.

Ọdún 1910 ni Dókítà James Herrick ní Chicago kọ ìwé nípa ẹ̀ fáyé gbọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn eyín kan tó wá láti erékùṣù Grenada, Walter Clement Noel, ni aláìsàn tó kọ̀wé nípa ẹ̀ náà. Àwọn ará Jámánì ń pè é ní Sichelzellkrankheit. "Sichel" yẹn, dòjé náà ni.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé èpè ni. Ẹni tó bá ní S kan ṣoṣo, ìyẹn AS, ibà ẹ̀fọn kì í lè tètè pa á nígbà èwe. Dókítà Anthony Allison ló fi èyí hàn lọ́dún 1954. Ìdí nìyẹn tí S fi pọ̀ níbi tí ẹ̀fọn ti pọ̀. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS. Ó wà lára àwọn ará Tọ́kì, ó wà lára àwọn Lárúbáwá, àwọn ará Gíríìsì àti Íńdíà náà. Aládùúgbò yín ní Wedding tàbí Neukölln tí kì í ṣe adúláwọ̀ lè ní i bákan náà.

KÍ LÓ DÉ TÓ FI JẸ́ ÒRU?

Ìbéèrè yìí ni mo bi dókítà mi ní Berlin, ìdáhùn ẹ̀ sì là mí lójú. Ó ní kíndìnrín àwa tá a ní àrùn yìí kì í lè fa omi padà sára bó ṣe yẹ. Bí a bá mu omi, bí a ò mu ún, a ó ṣáà máa tọ̀. Ẹ wá wò ó: èèyàn sùn láago mẹ́wàá, kò mu nǹkan kan títí ilẹ̀ fi mọ́, ó sì dìde lẹ́ẹ̀mejì lọ tọ̀. Omi inú ẹ̀jẹ̀ ti dín kù, ẹ̀jẹ̀ ti ki, àwọn dòjé wá rí ibi há sí. Ọmọ tó bá ń tọ̀ sílé nínú wa, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe àìgbọràn. Ẹ má nà án o. Ẹ má sì fi omi dù ú nírọ̀lẹ́ torí bẹ́ẹ̀dì.

Òtútù wá tún ni tiẹ̀. Tí òtútù bá mú wa, iṣan ẹ̀jẹ̀ máa ń sún kì, ọ̀nà tó ti há tẹ́lẹ̀ á tún há sí i. Tí ẹsẹ̀ bá yọ lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì láàárín òru, ó ti tó. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná náà máa ń gbẹ afẹ́fẹ́ yàrá, ètè á gbẹ, ọ̀fun á gbẹ. Nígbà ẹ̀rùn sì rèé, òógùn ló ń gba omi lára wa. Bọ́ọ̀lù tí ọmọ náà ń gbá kò burú o. Ohun tó burú ni pé ó ń gbá a fún wákàtí kan àbọ̀ nínú òtútù láìmu omi.

BÍ Ẹ ṢE LÈ DÁ WỌN MỌ̀

Pajápajá wà lóòótọ́, ó sì lè mú àwa náà. Àmọ́ pajápajá, ẹran ẹsẹ̀ ló máa ń mú, pàápàá ẹran tó wà lẹ́yìn ojúgun. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, á le gbagidi bí òkúta. Òjijì ló ń dé. Tẹ́ ẹ bá na ẹsẹ̀ náà, tẹ́ ẹ fa ọmọ ìka ẹsẹ̀ wá sọ́dọ̀ ara yín, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ á tú.

Ìrora ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀. Ẹran ẹsẹ̀ á rọ̀, síbẹ̀ inú egungun ń jó. Nínà kò ràn án. Kì í tán ní ìṣẹ́jú, ó lè gba wákàtí, ó lè gba ọjọ́. Ó lè bẹ̀rẹ̀ ní ojúgun, kó lọ sí itan, kó gba ẹ̀yìn. Ní ti ọmọ ọwọ́, ó lè jẹ́ pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á kàn wú fùkẹ̀ tí ọmọ á máa ké.

Ti ara tó ń dàgbà ńkọ́? Òun náà wà, dókítà tó sọ ọ́ kò purọ́. Àmọ́ ọmọ tó jẹ́ pé ara tó ń dàgbà ló ń dùn ún lálẹ́, tí ilẹ̀ bá mọ́ á ti máa sáré kiri. Ọmọ tó bá ń tiro láàárọ̀, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ wú, tí ibà ń mú un, tàbí tí ojú ẹ̀ ń pọ́n, ẹ má fi orúkọ yẹn bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò.

Ọ̀RỌ̀ KAN TÓ FẸ́RẸ̀Ẹ́ PA MÍ

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Ọdún 2004 ni mo dé Berlin. Nígbà òtútù tó tẹ̀ lé e, ìrora mú mi lẹ́sẹ̀ méjèèjì lóru, mi ò lè dúró. Ọ̀rẹ́ mi gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn kan. Èdè Jámánì tí mo gbọ́ nígbà yẹn ò ju "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ ṣé" lọ. Mo wá rántí pé nílé, "cramp" la máa ń pe nǹkan báyìí tá a bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, mo sì ti gbọ́ pé àwọn ará ibí ń pè é ní "Krampf". Mo ní, "Krampf, Krampf!" Mo nawọ́ sí ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ẹni tó bá ní Krampf, pajápajá ló ní kó mú òun. Wọ́n fún mi ní magnesium, wọ́n ní kí n lọ sinmi. Nígbà tí mo tún ń sunkún, ẹnì kan níbẹ̀ wò mí bíi pé oògùn olóró ni mo wá wá. Mo padà sílé. Lọ́jọ́ kejì, ibà gba ara mi, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, mi ò lè mí dáadáa. Ọkọ̀ pàjáwìrì ló gbé mi lọ sí ibòmíràn, mo sì lo ọjọ́ mọ́kànlá níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí mi lára.

Nọ́ọ̀sì kan níbẹ̀, ọmọ Tọ́kì, tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní irú ẹ̀jẹ̀ mi, ló jókòó tì mí. Ó ní, "Má sọ Krampf mọ́ láyé ẹ. Ohun tó yẹ kó o sọ rèé." Ó kọ ọ́ sínú bébà: "Ich habe Sichelzellkrankheit. Das ist eine Schmerzkrise." Ìyẹn ni pé: mo ní àrùn ẹ̀jẹ̀ dòjé, ìkọlù ìrora ẹ̀ nìyí. Bébà yẹn ti gbó, ó ti ya lójú ìṣẹ́po, ó ṣì wà nínú pọ́ọ̀sì mi di òní. Ẹ gé ọ̀rọ̀ méjì yẹn sílẹ̀ fún ẹni tó bá nílò ẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ́ àwọn ọmọ yín. Orúkọ téèyàn bá pe àìsàn ẹ̀ ni wọ́n á fi tọ́jú ẹ̀.

BÍ MO ṢE Ń GBÉ PẸ̀LÚ Ẹ̀

Mi ò kì í ṣe dókítà o. Ohun tí èmi ń ṣe pẹ̀lú ìmọ̀ràn àwọn dókítà mi ni mo fẹ́ sọ. Omi ni àkọ́kọ́. Mo máa ń mu tó lítà mẹ́ta lójúmọ́, ìgò kan sì máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ìgbàkígbà tí mo bá dìde lọ tọ̀ lóru, màá mu ìdajì ife kí n tó padà sùn. Ẹni tí dókítà bá ti sọ fún pé ọkàn tàbí kíndìnrín ẹ̀ ní ìṣòro, kó béèrè iye tó yẹ òun.

Èkejì ni ìgbóná. Ṣòkòtò abẹ́, ìbọ̀sẹ̀ onírun, ìborùn, mi ò kì í fi wọ́n ṣeré láti Oṣù Kẹwàá títí di Oṣù Kẹrin. Tí ìrora bá ti ń kanlẹ̀kùn, rọ́bà omi gbígbóná ni màá gbé lé ibẹ̀, màá ní kí wọ́n bá mi fọwọ́ pa á jẹ́jẹ́. Ẹ má fi yìnyín sí i láé. Yìnyín tí wọ́n ń fi sẹ́sẹ̀ agbábọ́ọ̀lù, májèlé ni fún wa. Bákan náà, mi ò kì í bọ́ sínú adágún tó tutù, ì báà jẹ́ ọjọ́ tí oòrùn mú gan-an ní Wannsee.

Ẹ̀kẹta, mo máa ń tètè lo oògùn ìrora tí dókítà kọ fún mi, mi ò kì í dúró kó gorí igi kí n tó máa wá àkàbà. Tí ìyẹn ò bá ràn án láàárín wákàtí díẹ̀, ilé ìwòsàn ni. Oògùn tí mò ń lò lójoojúmọ́ ni hydroxyurea, tí wọ́n ń pè ní Hydroxycarbamid níbí. Ìwádìí tí wọ́n ṣe l'Amẹ́ríkà tí èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 1995 fi hàn pé ó dín ìkọlù ìrora kù tó nǹkan bí ìdajì. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ́dún ni mò ń dùbúlẹ̀. Ní báyìí, ó lè má ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó ní òfin tiẹ̀ o: wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò déédéé, ọkùnrin tàbí obìnrin tó bá sì fẹ́ bímọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tí mi ò kì í fi mọ́lé sùn: ibà tó bá ti ga tó 38.5, àyà dídùn tàbí èémí tó ń há, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú tó sì gbóná (ẹ̀jẹ̀ lè ti dì síbẹ̀), ẹnu tó wọ́, apá tàbí ẹsẹ̀ tó kọṣẹ́ lójijì, nǹkan ọkùnrin tó le tó ń dùn tí kò sì fẹ́ rọ̀. Ẹ pe 112, ẹ má ronú pé ẹ ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ìrora ìbàdí tàbí itan tí kò lọ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ náà, ẹ ní kí wọ́n yà á wò, torí orí egungun itan lè máa kú níbi tó ti wọ inú ìbàdí.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́, àyè wà láti béèrè fún Schwerbehindertenausweis. Ojú ń ti àwọn èèyàn wa láti gbà á. Ojú ò ti èmi. Ẹni tí wọ́n bá fún ní ìdá 50 sókè, ó ní àfikún ọjọ́ ìsinmi márùn-ún lọ́dún, wọn ò sì lè kàn dédé dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́.

"Ẹ MÁ GBÉ ÀÌSÀN YÍN LÉ ỌMỌ MI LÓRÍ"

Ká padà sí Hamburg. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo pe bàbá ọmọ náà jókòó. Mo ní, "Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí wò." Inú bí i. Ó ní, "Àǹtí, mo bọ̀wọ̀ fún yín o, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé àìsàn yín lé ọmọ mi lórí. Ọ̀lẹ ló ń ṣe é, kò fẹ́ jí lọ sílé ìwé ni." Ó wọ yàrá, ó gbé ìwé jáde. AS lòun, AC nìyàwó òun. "Ẹ wò ó, kò sí S lọ́wọ́ ìyàwó mi. Pásítọ̀ wò ó kó tó so wá pọ̀. Ìkókó tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí yìí gan-an, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò nílé ìwòsàn, wọn ò rí nǹkan kan."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, àmọ́ mi ò bínú. Ohun tí púpọ̀ nínú wa ò mọ̀ ni òun náà ò mọ̀. C yẹn kì í ṣe AA. Ilẹ̀ Áfíríkà ní ìwọ̀ oòrùn ni ilé ẹ̀, ó pọ̀ ní Bùrùkínà Fasò àti Gánà, ó sì wà láàárín àwa Yorùbá dáadáa. Ẹni tó jẹ́ AC, kò sí ohun tó ń ṣe é. Àmọ́ tí AS bá fẹ́ AC, nígbàkígbà tóyún bá dúró, ọ̀nà mẹ́rin ló wà: ọmọ lè jẹ́ AA, ó lè jẹ́ AS, ó lè jẹ́ AC, ó sì lè jẹ́ SC. SC yẹn, àrùn ẹ̀jẹ̀ dòjé lòun náà. Ó sábà máa ń rọjú ju SS lọ, ìdí nìyẹn tó fi lè sá pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n á máa pè é ní pajápajá, ní làkúrègbé, ní ọ̀lẹ.

Mo padà sí Berlin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò sẹ́ni tó pè mí. Lálẹ́ ọjọ́ kan, fóònù dún. Ìyá ọmọ náà ni, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní òun ti mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà àwọn ọmọdé, òun sì ní kí wọ́n ṣe Hämoglobin-Elektrophorese bí mo ṣe kọ ọ́ fóun. Ó dákẹ́. Ó ní, "Àǹtí mi, SC ni."

Ọjọ́ kejì ni bàbá ẹ̀ pè. Ọkùnrin yẹn sunkún lórí fóònù. Ó ní, "Àǹtí, ọdún mẹ́ta ni mo fi ń pè é lọ́lẹ. Mo ti nà án rí torí kò dìde." Kí lèèyàn fẹ́ sọ sí irú ọ̀rọ̀ yẹn? Mo ní kó lọ bá ọmọ náà fúnra ẹ̀, kó tọrọ àforíjì. Mo mọ̀ pé kò sí nínú àṣà wa kí bàbá máa bẹ ọmọ. Ó lọ bẹ̀ ẹ́.

Ọmọ náà ti pé ọdún méjìlá kọjá báyìí. Wọ́n ń yẹ ojú ẹ̀ wò lọ́dọọdún, torí SC máa ń ba ojú jẹ́ láìsọ fúnni. Dókítà kọ ìwé sílé ìwé ẹ̀ pé kó máa mu omi nínú kíláàsì, kó máa jáde lọ tọ̀ nígbàkígbà, kí wọ́n má sì jẹ́ kó dúró sínú òtútù nígbà eré ìdárayá. Ó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù. Ta ló ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá pẹ̀lú fúláàsì omi gbígbóná àti jákẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́? Bàbá ẹ̀ ni.

OHUN TÓ YẸ KẸ́ Ẹ MỌ̀ NÍ JÁMÁNÌ

Láti Oṣù Kẹwàá ọdún 2021 ni wọ́n ti fi àrùn yìí kún ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò lára ọmọ tuntun nílẹ̀ Jámánì. Kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò ní Berlin láàárín ọdún 2011 sí 2012: nínú ọmọ tuntun tó lé ní 34,000, àwọn 14 ló ní i. Ọmọ tí wọ́n bá tètè mọ̀, wọ́n á fún un ní penicillin àti àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára kí àrùn kékeré má baà pa á.

Ẹ wá fetí sí ibi tó ṣe pàtàkì. Ọmọ tí wọ́n bí ṣáájú ìgbà yẹn, bíi ti ọmọ Hamburg yìí, wọ́n lè má yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ tẹ́ ẹ gbé wá láti ilé, wọ́n lè má yẹ̀ ẹ́ wò. Ìkókó tí wọ́n sì ní kò sí nǹkan tó ṣe é, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kò ní àrùn náà. Wọn kì í sọ fún òbí bóyá ó jẹ́ AS tàbí AC. Ẹ má wá sọ fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó ẹ̀ pé AA ni o! Kí àwọn ọmọ wa tó dàgbà débi ìfẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ jẹ́nótáìpù wọn pátápátá.

Ní ti oògùn tuntun, ẹ fara balẹ̀. Crizanlizumab tí wọ́n gbà wọlé ní Yúróòpù, wọ́n ti gba ìwé àṣẹ ẹ̀ padà lọ́dún 2023. Voxelotor náà, iléeṣẹ́ tó ń ṣe é kó o kúrò lọ́jà káàkiri ayé ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024. Ní Oṣù Kejì ọdún 2024, Yúróòpù fọwọ́ sí ìtọ́jú tó ń tún jíìnì ṣe, Casgevy, fún àwọn tó ti pé ọdún méjìlá sókè tí àìsàn náà le lára wọn, tí wọn ò sì ní ọmọ ìyá tí mùdùnmúdùn ẹ̀ bá tiwọn mu. Iṣẹ́ ńlá ni, oògùn líle wà nínú ẹ̀, kì í ṣe ti gbogbo èèyàn. Ẹ béèrè níbi tí wọ́n ti mọ àìsàn yìí dáadáa. Charité ní Berlin àti UKE ní Hamburg jẹ́ ilé ìwòsàn yunifásítì tó ń tọ́jú ẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn aláìsàn náà sì wà tí wọ́n ń pè ní IST.

Àgbo ńkọ́? Mi ò tẹ́ńbẹ́lú àgbo. Orin ata tí àwọn bàbá wa ń fi rin ẹnu, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ifẹ̀ yẹ gbòǹgbò ẹ̀ wò, wọ́n sì kọ̀wé lọ́dún 1971 pé nínú ìgò àyẹ̀wò, ó lè mú kí sẹ́ẹ̀lì tó ti tẹ̀ padà rí rogodo. Àmọ́ inú ìgò ò jọ inú èèyàn. Ẹ má fi àgbo rọ́pò oògùn, ẹ má mu ún láìsọ fún dókítà. Àdúrà náà, ẹ máa gbà á. Èmi ń gbà á, mo sì ń lo oògùn mi.

Ẹ̀yin òbí, nǹkan kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín fún. Lóru òní, tọ́mọ yín bá sunkún pé ẹsẹ̀ ń dun òun, kẹ́ ẹ tó na ọwọ́ sí Aboniki, ẹ bi í pé: "Ibo gan-an ló ti ń dùn ẹ́?" Kẹ́ ẹ sì gba ohun tó bá sọ gbọ́. Ọlọ́run á máa bá wa ṣọ́ wọn o. Ó dìgbà kan ná.